Èéfín Sumatra ní Ojú Ọ̀run Síngápọ̀: Ohun tí Iye Ojú Iná Kò Lè Sọ

Lójoojúmọ́ ni iléeṣẹ́ kan ní Síngápọ̀ máa ń gbé ìròyìn ṣókí jáde nípa ojú ọjọ́ ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà. Orúkọ rẹ̀ ni ASEAN Specialised Meteorological Centre, tí wọ́n ń pè ní ASMC. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Síngápọ̀ ló wà láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ASEAN, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà, ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ìròyìn náà máa ń sọ ibi tí òjò ti rọ̀ àti ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, iye ojú iná (ibi tí ooru ti fi hàn pé iná ń jó) tí sátẹ́láìtì rí ní erékùṣù Sumatra àti ní Kalimantan, méjèèjì ní Indonéṣíà, àti ní àwọn agbègbè yòókù, àti apá ibi tí èéfín ń gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ipele ìkìlọ̀ tí agbègbè náà wà, láti orí òdo títí dé ẹ̀kẹta.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ lè rò pé ìròyìn òjò òun ẹ̀ẹ̀rùn lásán ni. Àmọ́ ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èéfín igbó tó ń jó ní Indonéṣíà ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba sí ìjọba ní agbègbè yẹn, ìwé pélébé yìí sì ni ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, iye ojú iná ni àwọn oníròyìn àti olóṣèlú fẹ́ràn jù, nítorí pé nọ́ńbà rọrùn láti gbé sójú ìwé ìròyìn: bó bá lọ sókè, ìjọba kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bó bá já wálẹ̀, ìjọba gbìyànjú. Lójú tèmi, òun gan-an ló ń ṣini lọ́nà jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí èéfín fi ń bo ìlú tí iná kankan kò sí nínú rẹ̀, omi inú ilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè.

Sátẹ́láìtì kì í rí iná, ooru ló ń rí. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ MODIS wà lórí sátẹ́láìtì Terra àti Aqua ti Amẹ́ríkà, ó sì ń pín ojú ilẹ̀ sí ìdá kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó kìlómítà kan ní òró àti ní ìbú. Bí ooru ìdá kan bá fi ìwọ̀n kan ju ti àwọn tó yí i ká lọ, kọ̀ǹpútà á sàmì sí i pé ojú iná wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀, VIIRS, tó gòkè pẹ̀lú sátẹ́láìtì Suomi NPP ní ọdún 2011 àti pẹ̀lú NOAA-20 ní ọdún 2017, ń rí ìdá tó kéré jùyẹn lọ, nǹkan bíi mítà 375. Nítorí náà, oko mẹ́ta tó ń jó nítòsí ara wọn lè di ojú iná kan ṣoṣo lójú MODIS, kí iná ńlá kan sì di ọ̀pọ̀lọpọ̀ lójú VIIRS. Ẹni tó bá fi iye ojú iná ọdún 2006 wé ti ọdún tó kọjá láì bèèrè sátẹ́láìtì tó kà wọ́n, òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń lò.

Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí kì í sì í dúró sójú kan. Wọ́n ń yí ayé po ni, ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sì ń kọjá lórí ibì kan láàárín ọ̀sán àti òru. Iná tí àgbẹ̀ dá lẹ́yìn tí wọ́n kọjá, tó sì kú kí wọ́n tó padà dé, kò ní sí nínú àkọsílẹ̀. Ìkùukùu náà ń dí wọn lójú. Èéfín fúnra rẹ̀, bó bá ti ki jù, lè ṣe bẹ́ẹ̀, débi pé ní ọjọ́ tí ará ìlú kò rí ọwọ́ ara rẹ̀, iye ojú iná lè já wálẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ kò hàn sí sátẹ́láìtì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí kì í ṣe igbó tó ń jó tún máa ń wọ inú àkọsílẹ̀: òkè ayọnáyèéfín, òrùlé iléeṣẹ́ ńlá, gáàsì tí àwọn elépo ń sun dànù. Ẹni tó bá wo irú àwòrán yìí lórí ilẹ̀ tiwa yóò rí i pé Niger Delta ń tàn lẹ́ẹ̀rùn, ó ń tàn lójò. Gáàsì ni ìyẹn, kì í ṣe igbó.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀ láti yé ni. Ní apá gúúsù agbègbè náà, níbi tí Indonéṣíà, Màléṣíà, Síngápọ̀ àti Brunei wà, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń dín kù. Ní àkókò yìí, atẹ́gùn máa ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn, bó bá sì ti kọjá ìlà agbedeméjì ayé, á yí padà, á máa bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà tí èéfín Sumatra fi ń dé Síngápọ̀ àti Màléṣíà nìyẹn, òun náà sì ni èéfín Kalimantan fi ń wọ Sarawak ní Màléṣíà. Lọ́dún tí El Niño bá wà, omi tó móoru nínú òkun Pàsífíìkì á sún lọ sí ìlà-oòrùn, òjò á sì bá a lọ, ẹ̀ẹ̀rùn Indonéṣíà á wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Òkun Íńdíà náà ní irú tirẹ̀: bí omi tó wà nítòsí Sumatra bá tutù ju èyí tó wà lápá Áfíríkà lọ, òjò á tún dín kù. Àwọn méjèèjì pàdé ní ọdún 1997. El Niño tó lágbára gan-an ló wà ní ọdún 2015. Ní ọdún 2019, òkun Íńdíà ló ṣe iṣẹ́ náà, El Niño kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí i, igbó sì jó, èyí tó ya àwọn tó ti gbàgbé pé òkun méjì ló yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ kì í dá iná. Igbó àbàtà Indonéṣíà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kì í sábà gbiná, kódà lọ́dún El Niño. Ohun tó sọ ọ́ di ohun ìdáná ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ píìtì ti wọlé.

Píìtì ni ilẹ̀ tó jẹ́ pé ewé, gbòǹgbò àti igi tó ṣubú sínú omi ló di í. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé abẹ́ omi náà, wọn kò jẹrà tán; wọ́n kàn ń kójọ lórí ara wọn ni, ní ìwọ̀n mìlímítà kan sí méjì lọ́dún, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ibòmíràn wà tí ó jìn ju mítà mẹ́wàá lọ. Indonéṣíà ní ju mílíọ̀nù hẹ́kítà 13 lọ irú ilẹ̀ yìí, Sumatra, Kalimantan àti Papua ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó, kò sí ìṣáná tó lè mú un jó. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ tàbí igi tí wọ́n fi ń ṣe bébà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ kúrò, nítorí náà wọ́n á gbẹ́ yàrà gígùn lọ dé odò, omi á sì bá yàrà lọ. Ilẹ̀ náà á gbẹ, á máa rì díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ohun tó sì kù á di igi gbígbẹ tó ga bí ilé, tó sùn sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá ní Èkó, tó sì rí bí òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe máa ń rú èéfín létí ọ̀sà ní apá Ẹbúté Mẹ́tta láìsí ọwọ́ iná kankan lórí rẹ̀, mọ ìṣe iná píìtì. Abẹ́ ló ń gbà jó. Ó lè wọlẹ̀ síbí, kó yọ síta ní ibòmíràn lọ́jọ́ kejì. Igi tó dúró ṣánṣán, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, lè ṣàdédé wó nítorí pé iná ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ tán nísàlẹ̀. Àwọn panápaná kì í kàn da omi sí orí ilẹ̀. Wọ́n ń ki ọ̀pá rọ́bà omi bọ inú ilẹ̀ gan-an, wọ́n á dúró sójú kan títí ibẹ̀ yóò fi di ẹrẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tó sún sí iwájú. Wọ́n lè fi odindi ọjọ́ kan pa ìwọ̀nba díẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó rọ̀ léraléra ni oògùn rẹ̀ tó dájú.

Iná tó ń jó lábẹ́ báyìí kò rí afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà kò jó tán, ohun tí kò bá jó tán ló sì ń di èéfín. Ooru rẹ̀ lórí ilẹ̀ kò pọ̀, sátẹ́láìtì lè fojú fò ó, bẹ́ẹ̀ èéfín rẹ̀ ju ti iná tó ń jó fòò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ fi èyí wé pápá oko wa. Áfíríkà ni ilẹ̀ tó pọ̀ jù ti ń jó lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, àwòrán sátẹ́láìtì máa ń pọ́n láti Senegal dé South Sudan, èéfín rẹ̀ sì wà nínú ohun tó ń dàpọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́ lójú ọ̀run wa. Koríko ni púpọ̀ nínú èyí. Ó jó lọ́sàn-án kan, òjò àkọ́rọ̀ á hù ú padà. Píìtì tó bá jó ní ọ̀sẹ̀ kan lè jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún, kò sì sí òjò tó lè hù ú padà lójú ẹnikẹ́ni tó wà láyé lónìí.

Ọdún 1997 ló fi èyí han gbogbo ayé. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba Suharto, ààrẹ Indonéṣíà nígbà náà, ti pinnu láti sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà kan nínú ilẹ̀ píìtì Central Kalimantan di oko ìrẹsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1996, wọ́n gbẹ́ yàrà tó gùn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kìlómítà lọ, ilẹ̀ sì gbẹ. Ìrẹsì kò ṣe dáadáa. El Niño dé, gbogbo rẹ̀ gbiná. Àwọn onímọ̀ tó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà fojú bù ú pé erogba (kábọ́ọ̀nù) tó jáde láti inú iná Indonéṣíà lọ́dún yẹn tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 0.81 sí 2.57, ìyẹn ìdá 13 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí gbogbo ayé ń tú jáde lọ́dún kan láti ara epo, èédú àti gáàsì. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì fẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú wọn gan-an tó láti dẹ́rù bani. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú iléeṣẹ́ Garuda ti Indonéṣíà kan já lulẹ̀ nítòsí Medan ní Sumatra, ènìyàn 234 sì kú. Àṣìgbọ́ láàárín awakọ̀ àti àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ wà níbẹ̀, kùrukùru èéfín náà sì wà níbẹ̀.

Ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ tiwa. Ọ̀pẹ tó bo Sumatra lónìí, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti wá. Ní ọdún 1848 ni àwọn Òyìnbó Dutch gbin ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà ewéko Bogor ní erékùṣù Java, láti ara mẹ́rin yẹn ni àìmọye ọ̀pẹ Éṣíà ti pilẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, àwa là ń ṣáájú nínú títa epo pupa sí òkèèrè. Nísinsìnyí, Indonéṣíà àti Màléṣíà ló ń pèsè ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún epo pupa gbogbo ayé. Ọ̀pẹ kò nílò iná láti so, kò sì nílò píìtì. Nígbà tí ilẹ̀ tó dára tán, tàbí tó wọ́n, ni àwọn tó ń gbìn ín yíjú sí àbàtà.

Ta ló wá ń dá iná ọ̀hún? Ìdáhùn tó tọ́ kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Àgbẹ̀ kékeré ń sun ilẹ̀ nítorí pé ìṣáná ni irinṣẹ́ tí apá rẹ̀ ká; katakata wọ́n, eérú sì ń ṣe ilẹ̀ lóore. Òfin àyíká Indonéṣíà ti ọdún 2009 ka ilẹ̀ sísun léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún ìdílé láti sun tó hẹ́kítà méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìbílẹ̀ wọn, pẹ̀lú ìkáwọ́ iná kó má tàn ká. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń sun nítorí pé ilẹ̀ tó ti mọ́ lówó lórí ju igbó lọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní tiwọn máa ń sọ pé àwọn kò ṣáná, pé iná àjèjì ló wọ oko àwọn. Ó lè jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Àmọ́ iná tó ti oko aládùúgbò wá kò bá rí ohun jẹ nínú ilẹ̀ tó rin, yàrà wọn ló gbẹ ilẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìbéèrè "ta ló ṣáná?" kéré ju ìbéèrè "ta ló gbẹ́ yàrà?" lọ, ìgbẹ̀yìn yìí sì rọrùn láti dáhùn, torí yàrà kì í sá lọ.

Ohun tó ń bá ará ìlú ni kùrukùru èéfín. Síngápọ̀ ń fi òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní PSI díwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe rí: bó bá kọjá 100, afẹ́fẹ́ kò dára fún ìlera mọ́, bó bá kọjá 300, ó ti di ewu. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà ọdún 2013, ó dé 401. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní Muar lápá gúúsù Màléṣíà, òṣùwọ̀n tiwọn kọjá 700. Èyí tó ń pani lára jù nínú èéfín náà ni àwọn ẹ̀rún tí wọn kò fẹ̀ ju 2.5 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Wọ́n kéré débi pé wọ́n ń kọjá imú àti ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú wọn sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìbomú aláṣọ kò lè dá wọn dúró. Àwọn tó ní àsímà, àwọn ọmọ ọwọ́, arúgbó àti aboyún ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú.

Ọdún 2015 ló burú jù lẹ́yìn 1997. Nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà 2.6 ló jó, Báńkì Àgbáyé sì ṣírò àdánù Indonéṣíà sí bílíọ̀nù dọ́là 16. Ní Palangka Raya, olú ìlú Central Kalimantan, ojú ọ̀run pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ ń tan iná ní agogo méjìlá ọ̀sán. Síngápọ̀ ti ilé ìwé ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án. Àwọn olùwádìí láti Harvard àti Columbia fojú díwọ̀n rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé èéfín náà ti lè fa ikú tó ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Indonéṣíà fúnra rẹ̀. Ìjọba Indonéṣíà kò gbà á. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tiwọn sọ pé ó kú. Ìyàtọ̀ náà kò ṣòro láti lóye: dókítà kì í kọ "èéfín" sínú ìwé ẹ̀rí ikú, àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró ló ń kọ. Ní ọdún 2019, ojú ọ̀run di pupa bí ẹ̀jẹ̀ ní Muaro Jambi ní Sumatra, àwọn ènìyàn sì ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri. Àjọ ojú ọjọ́ Indonéṣíà ṣàlàyé pé bí àwọn ẹ̀rún èéfín ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká ló fà á.

Apá àríwá agbègbè náà ní ìṣòro tirẹ̀, ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, nígbà tí Táílàǹdì, Laos àti Myanmar wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Pòròpórò àgbàdo, ìyàǹgbò ìrẹsì àti ewé igbó ni wọ́n ń sun níbẹ̀, èéfín sì ń há sí àárín òkè, débi pé Chiang Mai máa ń wà lára àwọn ìlú tí afẹ́fẹ́ wọn burú jù láyé nínú oṣù Kẹta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ píìtì, nítorí náà ìlànà tó bá gúúsù mu kò bá a mu.

Ní ti ìjọba, ìwé kò wọ́n. Ní ọdún 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè ASEAN fọwọ́ sí àdéhùn lórí èéfín tó ń kọjá ààlà. Ọdún 2014 ni Indonéṣíà, tí iná rẹ̀ pọ̀ jù, tó fọwọ́ sí i nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lọ́dún kan náà, Síngápọ̀ ṣe òfin tó jẹ́ kó lè bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ tí èéfín bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni oko rẹ̀ wà, tó ẹgbẹ̀rún ọgọ́rùn-ún dọ́là Síngápọ̀ lóòjọ́. Láti mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró, èèyàn nílò àwòrán tó fi hàn kedere ilẹ̀ tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń ṣòro láti rí gbà nìyẹn. Jusuf Kalla, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Indonéṣíà nígbà náà, sọ ní ọdún 2015 pé oṣù mọ́kànlá làwọn aládùúgbò fi ń mí afẹ́fẹ́ tó dára láti Indonéṣíà, wọn kò sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí wọn nínú, ó sì yẹ kó bí wọn.

Ohun tó nítumọ̀ jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2016, nígbà tí Joko Widodo, ààrẹ Indonéṣíà nígbà náà, dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún mílíọ̀nù hẹ́kítà méjì ilẹ̀ píìtì ṣe. Iṣẹ́ náà kò gba ọgbọ́n àrà: wọ́n ń fi pákó àti àpò iyanrìn dí yàrà kí omi lè dúró, òfin sì pàṣẹ pé omi kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ lábẹ́ ojú ilẹ̀. Ní ọdún 2023 tí El Niño padà wá, nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà 1.16 ló jó, èyí tí kò tó ìdajì ti 2015. Ìdí yàrà tí wọ́n dí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn 2023 kò le tó ti 2015, nítorí náà n kò ní fi gbogbo ìyìn fún àjọ náà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, láìsí El Niño kankan, iná tún jó ní Rokan Hilir ní Riau, ìpínlẹ̀ kan ní Sumatra, èéfín sì sọdá sí Màléṣíà.

Ojú iná ogún lórí píìtì Riau, nígbà tí òjò kò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí àríwá-ìlà-oòrùn, lè ba ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ fún Kuala Lumpur. Ojú iná igba lórí pápá koríko àwọn erékùṣù Nusa Tenggara ní ìlà-oòrùn Indonéṣíà lè máà kan ẹnikẹ́ni lókèèrè. Ìròyìn ASMC máa ń sọ gbogbo èyí fún ẹni tó bá kà á kọjá nọ́ńbà: ó ń sọ ibi tí ojú iná wà, bí ilẹ̀ ṣe gbẹ tó, àti ibi tí atẹ́gùn dojú kọ. Èyí tí kò lè sọ ni ibi tí omi inú yàrà dé, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ló ń wọn ìyẹn. Òjò tó ń rọ̀ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni àwọn ìdènà yàrà ń mú dúró, nítorí náà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ́ ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí èéfín ti dé ojú ìwé ìròyìn, kò ní bá omi kankan nínú yàrà tí yóò dá dúró.